Fáìlì Kì í Dá Rìn

(Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, ló sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé gbogboogbò. Àwọn tí kò lè wá ní ká fi ránṣẹ́ sórí àwọn gúrúùpù. A tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́.)

  

Akọ̀wé wa ló pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ ìwà ìbàjẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ̀yin lẹ ti ibẹ̀ wá, ẹ wá tú àṣírí." Ẹ̀rín pa mí. Àṣírí wo ló kù? Ta ló wà níbí tí wọn ò tíì sọ fún pé "ẹ rí wa sójú"? Ọmọ tó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní lókà gọ́fúmẹ́ǹtì mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ń lépa owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ tó ti kú mọ̀ ọ́n. N ò wá tú àṣírí kankan. Mo wá sọ bí mo ṣe rí i, mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan fún ìpàdé yìí, màá dé orí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ní kí ọ́fíìsì rí. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Max Weber. 1864 ni wọ́n bí i, ó kú ní 1920, ìwé rẹ̀ ńlá tó ti sọ̀rọ̀ yìí sì jáde ní 1922, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó bá ka ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ìjọba ní ilé ẹ̀kọ́ gíga èyíkéyìí á bá orúkọ rẹ̀ pàdé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó sọ ò le rárá. Ó ní ọ́fíìsì kì í ṣe ogún bàbá ẹnikẹ́ni. Ìwé ẹ̀rí la fi ń gbani síṣẹ́, kì í ṣe ojú mímọ̀. Olúkúlùkù ní ọ̀gá, ọ̀gá náà ní ọ̀gá, kálukú sì mọ ibi tí agbára òun mọ. Ohun tí wọ́n bá ṣe, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé náà á wọ fáìlì, fáìlì á ní nọ́ńbà, tó fi jẹ́ pé bí mo bá kú lálẹ́ òní, ẹni tó bá gba àga mi lọ́la á mọ ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé. Òṣìṣẹ́ á máa gba owó oṣù tó dájú, owó ìfẹ̀yìntì á máa dúró dè é, kó má baà máa wo ọwọ́ ẹni tó wá ṣe nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀. Àpò ọ́fíìsì lọ́tọ̀, àpò ti ẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin náà ò sì gbọdọ̀ mọ ojú: ọmọ ọba àti ọmọ àgbẹ̀, ìlà kan náà ni wọ́n jọ máa tò sí.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa níbí nígbà tí kò sí i. Nígbà tí Ìbàdàn lágbára, wọ́n ń rán ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti àwọn ìlú mìíràn tó wà lábẹ́ wọn. Ajẹ́lẹ̀ ò ní owó oṣù. Ìlú tí wọ́n rán an sí ló ń bọ́ ọ, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀, kò sì sí ìwé kankan tó sọ iye tó tọ́ sí i. Nítorí náà ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ni ọwọ́ rẹ̀ ń mú. Ní 1878, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ìlú Ìmẹ̀sí, tí à ń pè ní Òkè-Ìmẹ̀sí lónìí, Ogun Kírìjì sì gbiná. Ó di 1886 kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé pé ìkà ni àwọn ajẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹni jẹ́jẹ́ kan, ẹ gbé e lọ sí ìlú olólúgbó, ẹ má fún un lówó oṣù, ẹ má fún un ní ìwé òfin, kí ẹ wá fún un ní ìbọn. Ẹ máa wo ohun tó máa dà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

A ti ṣe é rí kó dáa, níbí náà. Ẹ̀yin àgbà mọ ìgbà Ìwọ̀ Oòrùn. Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, ló wá di olórí iṣẹ́ ọba ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ọba yẹn ló ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955. Ẹ ronú sí i: ọmọ tó pọ̀ báyẹn wọ ilé ìwé lọ́dún kan ṣoṣo, láìsí kọ̀ǹpútà, láìsí fóònù, àfi fáìlì àti àwọn èèyàn tó ń gbé fáìlì. Adébọ̀ fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tó pè ní Our Unforgettable Years, tó jáde ní 1984. N ò ní fi àtijọ́ ṣe ọ̀run fún yín o. Ní ìgbà kan náà, ẹ̀gbẹ́ kan ń ṣe nǹkan mìíràn. Ìgbìmọ̀ Coker tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1962 sọ pé owó Marketing Board, ìyẹn owó kòkó, gba ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan dé ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú. Àwọn kan ní ìgbìmọ̀ náà lọ́wọ́ òṣèlú nínú, àríyànjiyàn yẹn ò tíì tán. Èmi kàn fẹ́ kí ọmọ àgbẹ̀ kòkó tó wà níbí rántí pé nínú owó tí wọn ò san tán fún bàbá rẹ̀ ni owó náà ti wá.

Kí ló wá bà á jẹ́ tó báyìí? Èèyàn á sọ epo rọ̀bì, èèyàn á sọ ológun. Èmi máa ń tọ́ka sí ọdún kan. Ní 1974, ìgbìmọ̀ Udoji ní kí wọ́n fi kún owó oṣù. Ìbẹ̀rẹ̀ 1975 ni wọ́n san án, àti ti ẹ̀yìn lápapọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ tó bẹ́ẹ̀, ẹ rántí owó Udoji: rédíò tuntun, alùpùpù tuntun, ọjà sì gbówó lórí kí oṣù tó parí. Ní July ọdún yẹn Ọ̀gágun Murtala Muhammed gba ìjọba. Láàárín oṣù díẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 ti di ẹni ilé. Orí rédíò ni ọ̀pọ̀ ti gbọ́ orúkọ wọn, "with immediate effect." Inú ará ìlú dùn, wọ́n ń jó. Òótọ́ sì ni pé olè wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún láìlábàwọ́n wà nínú wọn náà, kò sẹ́ni tó pè é jókòó kó sọ tẹnu ẹ̀. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ lẹ́yìn náà, ohun tí àwọn ọ̀gá wa ń sọ fún wa lábẹ́lẹ̀ ni pé, "Ọmọ mi, iṣẹ́ yìí lè tán láàárọ̀ ọ̀la. Mọ ohun tí o máa mú dání." Nínú gbogbo ohun tí Weber kà sílẹ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀ òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni náírà wá bọ́ láti 1986 lọ, tí owó oṣù ò fi ra àpò ìrẹsì mọ́. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, ẹ ò tíì gbàgbé 2016 sí 2017, nígbà tí òṣìṣẹ́ ń lo oṣù lórí oṣù láìgbọ́ alẹ́ẹ̀tì bánkì. Ajẹ́lẹ̀ ti padà dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an, torí ọ̀pọ̀ rò pé òfin ni olè ọ́fíìsì máa ń rú. Rárá o. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà kì í rú òfin. Òfin ló fi ń jẹun.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, torí òun ló kàn wá jù ní Oda báyìí bí Àkúrẹ́ ṣe ń fẹ̀ bọ̀ wá bá wa. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà, kó máa dì í mú fún ará ìlú. Bí ẹ bá fẹ́ gba C of O, ìwé yín á dé rẹ́jísítìrì, wọ́n á ṣí fáìlì fún un. Á dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọn ilẹ̀, á dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìlú, á dé ibi tí wọ́n ti ń ṣírò owó tí ẹ máa san, kó tó máa gòkè lọ síbi ìbuwọ́lù. Gbogbo ibùdó yìí ló nídìí. Bí wọn ò bá wọn ilẹ̀, ẹni méjì á gba ìwé lórí ilẹ̀ kan. Weber á pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ibùdó kọ̀ọ̀kan tún jẹ́ ẹnu ibodè. Ẹni tó jókòó níbẹ̀ lè ṣí i lónìí, ó lè ṣí i lóṣù tó ń bọ̀. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí ẹ lè tọ́ka sí pé ó lòdì sófin.

Ní rẹ́jísítìrì, àwọn lẹ́tà kan wà tí a máa ń kọ sára fáìlì. B.U. ni pé kí wọ́n gbé e padà wá lọ́jọ́ báyìí. K.I.V. ni pé ká ṣì máa wò ó ná. P.A. ni pé ọ̀rọ̀ ti parí, kí wọ́n gbé e lọ síbi ìkópamọ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ da omi sí yín lọ́rùn, kò ní bá yín jà. Á kàn kọ P.A., lẹ́tà méjì péré, fáìlì yín ti wọ abẹ́ ẹrù nìyẹn. Bí ọ̀gá bá bi í, á ní àṣìṣe ni, á tọrọ gáfárà. Ẹ̀yin lẹ máa máa wá, ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó." Lọ́jọ́ kan á wojú yín pẹ̀lú àánú, á ní, "Mọ́mì, fáìlì kì í dá rìn o." Kò bèèrè owó. Bí ẹ bá gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú rẹ̀.

Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, àti UNODC ti àjọ United Nations ṣe sọ pé ní 2023, rìbá tí àwọn ọmọ Nàìjíríà san fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó 721 bílíọ̀nù náírà, nǹkan bí ìgbà 87 mílíọ̀nù ni wọ́n san án, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 8,284 náírà lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún yẹn, 30,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ lófin. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ẹni tó gba ẹyọ kan ti mú ohun tó lé ní ìlàrin owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù. Bó bá gba mẹ́rin lóṣù, ó ti sanwó oṣù mìíràn fún ara ẹ̀, láti inú àpò àwọn tí òun náà bá wọkọ̀ kan náà wá síbi iṣẹ́.

Àwọn ńlá ń ṣe tiwọn lókè. Ní January 2013, ní kóòtù kan ní Abuja, John Yakubu Yusufu tó jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá gbà pé òun jẹ̀bi nínú ẹjọ́ owó tó lé ní 20 bílíọ̀nù náírà tí òun àti àwọn mìíràn kó. Adájọ́ ní kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí kó san 750,000 náírà. Ó san án, ó lọ sílé. Gbogbo orílẹ̀-èdè pariwo. Ó di 2018 kí Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ní kó san owó pẹ̀lú. Owó àwọn ọlọ́pàá tó ti darúgbó ni o, àwọn tó ń sùn sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì nítorí "verification".

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ má dá mi lóhùn o, ẹ kàn dá ara yín lóhùn. Ká ní ọmọ Oda ni ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ká ní òun ló bá wa tún ọ̀nà oko ṣe, tó gbẹ́ kànga fún wa, tó ra ẹ̀rọ iná fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí? Ṣé a ò ní ra aṣọ ẹbí lọ sí kóòtù? Ẹ ti rí i níbòmíràn, ìlù ń dún lẹ́nu ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ní 1975 yẹn kan náà, Peter Ekeh, ọmọ Urhobo tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n ṣì ń kà káàkiri ayé. Ó ní ojúde méjì ni àwa ọmọ Áfíríkà ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. (Èmi ni mo pè é ní ojúde o, òyìnbó ló fi kọ ọ́.) Ojúde kìíní ni ti ilé: ìdílé, ìlú ẹni, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Níbẹ̀, ìwà ní láárí, ojú ń tini, ẹni tó bá jí owó níbẹ̀ ti tẹ́. Ojúde kejì ni ti ìjọba, èyí tí òyìnbó gbé kalẹ̀. Níbẹ̀, kò sí ìtìjú. Ohun téèyàn bá rí mú níbẹ̀ tó sì gbé wá sí ojúde ilé, wọ́n á yìn ín. Ẹni kan náà ló ń gbé ní méjèèjì: olè ní Alágbàkà láàárọ̀, ọmọlúàbí ní Oda lálẹ́.

Ẹ wo àyíká yín. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ọkùnrin yẹn fi ṣe àpẹẹrẹ, àwa ni.

Ẹ sì wo bí àwa ṣe ń ṣe tiwa. Akápò ò lè dá gba kọ́bọ̀ ní bánkì, èèyàn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kò sí owó tó wọlé láìsí rìsíìtì. Akọ̀wé ń ka ìwé ìpàdé tó kọjá jáde, ẹni tó bá rí àṣìṣe á nawọ́ sókè. Lọ́dún tó kọjá, ogójì ìṣẹ́jú la lò lórí owó sìmẹ́ńtì tí rìsíìtì rẹ̀ ò pé, ẹni tó rà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n ń wá a lórí WhatsApp láti London: "Ẹ fi rìsíìtì náà hàn wá." Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí ará Jámánì yẹn kọ sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ ò ka ìwé ẹ̀, ẹ ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi mọ́ pé Yorùbá ò lè fi ìlànà ṣiṣẹ́. Ibi tí a bá ka owó sí tiwa, a máa ń ṣọ́ ọ bí ẹyin ojú.

Wàyí o, kí ni à ń ṣe nígbà tí wọ́n bá yan ọmọ wa sípò? Kí ilẹ̀ tó ṣú, pósítà ìkíni ti kún gbogbo gúrúùpù. "Tiwa náà ti wà níbẹ̀." Lọ́jọ́ kejì, fóònù ẹ̀ ò sinmi mọ́. Ẹnì kan fẹ́ kó fi ọmọ òun síṣẹ́, láìsí ìdánwò. Ẹnì kan fẹ́ kó bá òun sọ fún àwọn tó ń pín kọ́ńtíráàtì. Àwa ẹgbẹ́ náà á kọ lẹ́tà, a fẹ́ kó ṣe alága ìfilọ́lẹ̀, a sì ti kọ iye tí a retí sínú ọkàn wa. Owó oṣù ẹ̀ ò lè san ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí a ń bèèrè. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ò kàn fẹ́ mọ ibi tó ti máa mú ìyókù ni. Àwọn àgbà ní ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ni yóò ti jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ló ń díwọ̀n okùn, torí ó mọ̀ pé iṣu ẹlòmíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwa là ń tú okùn fún ewúrẹ́ tiwa.

Mo bá ọkùnrin kan ṣiṣẹ́ ní rẹ́jísítìrì, kì í ṣe ọmọ Oda, n ò sì ní dárúkọ ẹ̀. Kì í gba kọ́bọ̀. Fáìlì tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ láàárọ̀ ti kúrò níbẹ̀ lọ́sàn-án. Fún bí ọdún kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ò bínú, wọ́n rò pé kò tíì mọ̀nà ni. Nígbà tí wọ́n rí i pé bó ṣe máa ṣe é lọ nìyẹn, wọ́n gbé e lọ síbi tí fáìlì kì í gbà kọjá, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìntì. Ó padà sí yàrá méjì tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan. Bí mo ṣe ń bèèrè ọ̀nà ilé ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú ẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Bàbá tó ṣe iṣẹ́ ìjọba tí kò rí nǹkan kan mú bọ̀ yẹn ni?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń júwe ilé ẹ̀. Ìlú yẹn ò fi oyè jẹ ẹ́, wọn ò fi í ṣe alága ohunkóhun. Èèyàn bí ọgbọ̀n lójoojúmọ́ ló ń gba ìwé wọn láìsan rìbá nítorí ọkùnrin yẹn, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ orúkọ ẹ̀.

Mo ti dé orí ẹ̀bẹ̀ mi. Ẹ ṣí ètò ìnáwó tí wọ́n pín fún wa láàárọ̀ yìí, ojú ìwé kejì, nísàlẹ̀. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Logistics àti ìbáṣepọ̀" sí. N ò ní ka iye ẹ̀ jáde. Akápò wa, ẹ má bínú o, ẹ̀yin kọ́ lẹ dá a sílẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dórí oyè. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Òun ni owó tí à ń mú lọ́wọ́ tí a bá ń tọ ìwé ilẹ̀ gbọ̀ngàn wa lẹ́yìn ní ọ́fíìsì. Nínú gbogbo ìwé ìnáwó wa, òun nìkan ni kò ní rìsíìtì. Mo ti wá a ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sí. Sìmẹ́ńtì la fi ogójì ìṣẹ́jú bèèrè. Èyí, kò sẹ́ni tó nawọ́ rí.

Mo ń bẹ ìpàdé yìí pé ká yọ ọ́.

Mo ti ń gbọ́ ìkùnsínú. Ẹnì kan máa ní, "Bàbá, bí a ò bá san án, ìwé wa ò ní jáde, ìlú tó kù á gba tiwọn." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n ò ní purọ́ fún yín, ó lè pẹ́ ní ọdún kan gbáko. Ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe ìyá arúgbó kan ṣoṣo tó ń dá wá sí ọ́fíìsì. A ní lọ́yà nínú ẹgbẹ́ yìí, a ní akọ̀ròyìn, a ní àwọn tó mọ ìwé kọ. Ìwádìí kan náà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan sọ pé nínú àwọn tí wọ́n bèèrè rìbá lọ́wọ́ wọn ní 2023, nǹkan bí 70 nínú 100 ló kọ̀ ọ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Kíkọ̀ ti wọ́pọ̀ jù bí ẹ ṣe rò lọ. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kéèyàn fẹjọ́ sùn: àwọn tó san án tí wọ́n sì lọ sọ fún aláṣẹ ò tó 9 nínú 100. Ẹni tó bá dá kọ̀ ọ́, tó dákẹ́, kàn padà sí ìsàlẹ̀ ìlà ni.

Òfin kan wà tó ń jẹ́ Freedom of Information Act, 2011 ni Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba pé kí wọ́n sọ ohun báyìí fún òun, wọ́n sì ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ìdí. Fún ìgbà pípẹ́ àwọn ìpínlẹ̀ ń sọ pé òfin àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ẹ sì mọ ibi kan tí wọ́n ti já irọ́ yẹn gbòòrò? Àkúrẹ́ níbí ni. Ẹnì kan bèèrè ìwé àyẹ̀wò ìṣirò owó ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọn ò fún un, ó pẹjọ́, ilé ẹjọ́ gíga dá a lẹ́bi. Kò jókòó. Ní 2018, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Àkúrẹ́ ní òfin náà de ìpínlẹ̀. Ní April 2025, Kóòtù tó ga jù lọ náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀, nínú ẹjọ́ tó wá láti Edó. Ìwé ilẹ̀ gbọ̀ngàn wa ní nọ́ńbà fáìlì. A lè kọ̀wé kan ṣoṣo pé: fáìlì yìí, orí tábìlì ta ló wà, láti ọjọ́ wo, kí ló kù tí a ò tíì san tó ní rìsíìtì ìjọba? Ká fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà, ká gbà á ní sítáǹpù pé wọ́n ti rí i. Mo ṣe iṣẹ́ yẹn fún ìgbà pípẹ́, mo sì lè sọ fún yín pé akọ̀wé rẹ́jísítìrì kì í bẹ̀rù ariwo. Ìwé tó ní déètì àti sítáǹpù ló ń bẹ̀rù, torí òun mọ̀ pé ìwé bẹ́ẹ̀ kì í kú.

Owó tó wà lórí ìlà yẹn, ká fi san owó fọ́tókópì, owó mọ́tò àti owó kóòtù bó bá di dandan. Kálukú á mú rìsíìtì wá.

Ó ku kékeré kan. Akọ̀wé sọ fún mi pé àwọn ọmọ wa kan wà tó fẹ́ lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ torí ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ìyá wọn ti ń wá owó tí wọ́n á fi "rí wọn sójú". Ẹ ní kí wọ́n fi owó náà sápò. Èmi ò níṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Mọ́ńdè. Kí wọ́n mú fọ́tò àti ìwé wọn dání, ká pàdé lẹ́nu gáréèjì ní aago méje àbọ̀. Màá bá wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn títí wọ́n á fi dá wa lóhùn. Ẹni tó bá ráyè nínú yín, kó bá wa lọ, torí bẹ́ǹṣì yẹn gùn, ó gba èèyàn púpọ̀.